Ẹ Mú Àlejò Wá sí Àrándùn

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà máa ń wá kọ́ Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn kan a sì máa gbé lọ́dọ̀ ìdílé Yorùbá. Ètò náà dára. Àbá kan péré la ní: kí wọ́n lo oṣù kan nínú sáà náà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, nílùú bíi Àrándùn.

Àwọn kan á ní ẹ̀ka-èdè yóò da Yorùbá wọn rú. A ò gbà. Yorùbá àjùmọ̀lò wà ní kíláàsì. Ẹni tó bá mọ ìyẹn nìkan, bí ìyá àgbà bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ní Ìgbómìnà, ẹ̀rín ni yóò kàn máa rín. Àrándùn kò sì jìnnà sí Èsìẹ́, níbi tí wọ́n ti kọ́ mùsíọ́ọ̀mù fún àwọn ère òkúta lọ́dún 1945.

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbà wọ́n sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọ́n lálejò.

Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ka Yorùbá ni kì í fẹ́ kí ọ̀rẹ́ gbọ́ ẹ̀ka-èdè ilé wa lẹ́nu wa. Bí àlejò bá wá gbọ́ ọ jù wá lọ ńkọ́?