Nígbà tí ẹ̀pà bá tán nínú oúnjẹ ogunléndé, awọ ara ló kọ́kọ́ ń jẹ́rìí

Bí obìnrin kan bá jáde síta, tí awọ ọrùn rẹ̀ dúdú, tó sì le yí ọrùn ká bí ẹ̀gbà, tí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń sán, tó ń ṣí bí èèpo, kò ní í pẹ́ tí àwọn èèyàn yóò fi wá orúkọ fún ohun tó ń ṣe é. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn kan yóò ní ayé ló ń bá a jà. Àwọn mìíràn yóò ní ìpara tó fi ń bóra ló dojú ìjà kọ ọ́. Àmọ́ ní Màláwì àti Àǹgólà, àwọn nọ́ọ̀sì tó ti rí i rí mọ̀ pé ebi ni. Kì í ṣe ebi ẹni tí kò rí nǹkan kan jẹ o. Ebi ẹni tó ń jẹ àgbàdo láàárọ̀, tó ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, tó tún ń jẹ ẹ́ lálẹ́, tí kò sì rí nǹkan mìíràn fi kún un ni. Pellagra ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Àìtó èròjà kan tó ń jẹ́ niacin, ọ̀kan lára ọ̀wọ́ fítámìn B, ló ń fà á.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà pa ilé iṣẹ́ ìrànwọ́ wọn, USAID, dé. Nínú oṣù yẹn kan náà ni WFP, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kéde pé owó ti tán lọ́wọ́ àwọn, àti pé oúnjẹ tí mílíọ̀nù 1.3 èèyàn ń gbà ní ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà yóò dáwọ́ dúró. Nínú irú ìkéde bẹ́ẹ̀, iye èèyàn àti iye tọ́ọ̀nù oúnjẹ ni aráyé sábà máa ń gbọ́. Ohun tó wà nínú àpò tó ṣẹ́ kù, ìyẹn ni kì í sábà hàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Màláwì tó láti fi han ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Mòsáḿbíìkì tó sá fún ogun abẹ́lé ni wọ́n kó síbẹ̀, àgbàdo ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pín fún wọn. Ẹ̀pà tí wọ́n ń fi kún un ni orísun niacin wọn. Lọ́dún 1989, ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, pípín rẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹwàá ọdún 1990, àwọn tí pellagra kọlù lé ní 17,000, nínú ogunléndé tí gbogbo wọn kò tó 300,000. Àgbàdo kò tán lọ́jà, ọkọ̀ ìrànwọ́ kò sì ṣàìdé. Ẹ̀pà ni kò sí.

Niacin wà nínú àgbàdo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó so mọ́ ara hóró rẹ̀ débi pé ikùn èèyàn kò lè rí i lò. Àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ ti rí ọgbọ́n dá sí i: ẹfun òkúta tí wọ́n ti sun níná ni wọ́n fi ń se àgbàdo kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, èyí sì ń tú niacin sílẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó gbé àgbàdo lọ sí Yúróòpù, irúgbìn nìkan ni wọ́n gbé, wọn kò gbé ọgbọ́n sísè rẹ̀. Lọ́dún 1735, oníṣègùn ará Sípéènì kan, Gaspar Casal, rí àìsàn náà lára àwọn tálákà Asturias; orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe àmì tó ń yí ọrùn ká títí dòní. Àwọn ará Ítálì ló fún àìsàn náà ní orúkọ tó ń jẹ́, èyí tó túmọ̀ sí awọ tó le. (Ẹni tó bá ń fi àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ, tó sì ń fi ẹ̀pà panu, kò mọ̀ pé ohun tó ń ṣe nìyẹn, àmọ́ ó ń dáàbò bo ara rẹ̀.)

Ibi tí ìṣèlú ti wọ ọ̀rọ̀ náà jù ni gúúsù Amẹ́ríkà. Níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni pellagra ń pa níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn oníṣègùn sì gbà pé kòkòrò ló ń fà á. Lọ́dún 1914, ìjọba rán Dókítà Joseph Goldberger lọ wádìí. Ó ṣàkíyèsí pé nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí àti nílé àwọn alárùn-ọpọlọ, àwọn tí wọ́n ń tọ́jú ló ń ṣàìsàn, kì í mú àwọn tó ń tọ́jú wọn. Àìsàn wo ló ń ran èèyàn tí yóò máa wo ipò ẹni bẹ́ẹ̀? Ó fi wàrà, ẹyin, ẹran àti ẹ̀wà kún oúnjẹ àwọn ọmọ náà, àìsàn náà sì lọ. Lọ́dún 1915, àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan ní Mississippi gbà láti máa jẹ oúnjẹ tí àgbàdo pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlérí pé gómìnà yóò dá wọn sílẹ̀. Nínú àwọn 11 tó dúró dé òpin, ó kéré tán, mẹ́fà ni awọ wọn yí padà. Síbẹ̀ àwọn kan kò gbà, ni Goldberger, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn sára lọ́dún 1916. Kò sí ẹni tó kó o nínú wọn.

Ohun tó tẹ̀ lé e yóò yé ọmọ Nàìjíríà dáadáa. Lọ́dún 1921, nígbà tí owó òwú wálẹ̀, Ààrẹ Harding sọ ọ́ síta pé ebi àti pellagra ń bọ̀ ní gúúsù. Dípò kí àwọn olóṣèlú ibẹ̀ dúpẹ́, inú ló bí wọn. Wọ́n ní wọ́n ń ba ìlú àwọn lórúkọ jẹ́, kò sí ebi lọ́dọ̀ àwọn. Goldberger kú lọ́dún 1929 láìtíì mọ èròjà tó ń wá. Ọdún 1937 ni Conrad Elvehjem rí i pé niacin ni.

Kuito, ní Àǹgólà, tún jẹ́rìí sí i lọ́dún 1999 sí 2000. Ogun ti ká ìlú mọ́, ọ̀pọ̀ oúnjẹ ìrànwọ́ sì jẹ́ àgbàdo. Ó lé ní 800 èèyàn tí pellagra mú, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù. Ní Màláwì fúnra rẹ̀, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé isoniazid, oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tó ní kòkòrò HIV kí ikọ́ ẹ̀gbẹ má baà mú wọn, náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe niacin tirẹ̀. Oògùn náà ṣe pàtàkì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a dúró fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lò ó láìrí ju àgbàdo jẹ, ojú ló yẹ kí wọ́n máa fi tó o.

Nítorí bí wọn kò bá tètè mọ̀ ọ́n, kì í dúró sí awọ ara. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iyè aláìsàn yóò máa ra, ikú ló sì kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ìwòsàn rẹ̀ kò le: láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ oògùn niacin, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awọ máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2000 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe odindi ìwé lórí bí wọn yóò ṣe máa dènà pellagra níbi tí ìjàm̀bá bá ti lé èèyàn kúrò nílé. Ìwé náà kò béèrè ohun ńlá: kí ẹ̀pà, ẹ̀wà, ẹja tàbí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi fítámìn kún má ṣe wọ́n nínú ohun tí wọ́n ń pín. Àwọn ohun wọ̀nyí gan-an ló wọ́n ju àgbàdo lọ lọ́jà, àwọn ni ọwọ́ sì máa ń kọ́kọ́ kàn nígbà tí wọ́n bá ń dín owó kù.