Pánẹ́ẹ̀lì Tuntun Dé: Èdè Wo Ni A Ó Fi Kí I Káàbọ̀?

Mo mọ̀ pé yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ni ó jókòó tí ó ń kọ̀wé lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dárúkọ àkòrí yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan, ohun tí ó wí ni pé kí n fi ti ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí n wá nǹkan kọ lórí ẹkún ìyàwó tàbí lórí ìjálá. N kò kórìíra ìjálá. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí dé ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè ni, bí àwa kò bá sì dá sí i, àwọn ẹlòmíràn yóò bá wa dá sí i ní èdè tiwọn.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ní ọjọ́ 7 oṣù October, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ńlá Qualcomm ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé òun ti bá Arduino ṣe àdéhùn láti rà á. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì tuntun kan jáde tí wọ́n pè ní Uno Q. Fún àǹfààní ẹni tí kò bá mọ̀, irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kò tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Ọpọlọ kékeré kan wà lórí rẹ̀, ihò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a lè ki wáyà bọ̀. Ènìyàn yóò kọ àṣẹ sórí ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, yóò fi wáyà rán an sínú ọpọlọ náà, láti ìgbà náà lọ ni pánẹ́ẹ̀lì yóò sì máa ṣe ohun tí a bá ní kí ó ṣe: kí ó wo bí ooru ṣe pọ̀ tó, kí ó tan iná, kí ó pa ẹ̀rọ omi nígbà tí táńkì bá kún. Uno Q yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ọpọlọ méjì ni ó ní. Èkíní ń ṣiṣẹ́ bíi kọ̀ǹpútà gidi, ètò Linux ni ó ń lò. Èkejì ni ó ń ṣọ́ wáyà, tí ó ń tan iná tí ó sì ń pa á, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sí.

Àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ yìí káàkiri ayé, àwọn tí kì í ṣe nítorí owó ni wọ́n ṣe ń ṣe é, kò pa ohùn pọ̀ lórí rẹ̀. Inú àwọn kan dùn pé agbára kọ̀ǹpútà ti bọ́ sórí pánẹ́ẹ̀lì tí ọwọ́ wọn ti mọ́. Àwọn mìíràn ń ráhùn pé ojú USB kan ṣoṣo ni ó ní, tí ẹni tí ó bá fẹ́ so kíbọ́ọ̀dù àti gíláàsì àwòrán mọ́ ọn yóò tún ní láti ra ohun tí yóò pín ojú náà sí méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n igbe tí ó pọ̀ jù ni ti ìlẹ̀kùn. Láti ọdún 2005 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Arduino, àwòrán inú pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti wà ní gbangba. Ẹni tí ó bá wù lè wò ó, kí ó ṣe irú rẹ̀, kí ó sì tà á. Ẹ̀rù wá ń bà wọ́n pé ilé-iṣẹ́ ńlá kì í fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu bẹ́ẹ̀. Ní oṣù November ọdún kan náà, nígbà tí Arduino gbé òfin ìlò tuntun jáde, ilé-iṣẹ́ Adafruit, tí òun náà ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì, pariwo pé òfin náà ń dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti tú nǹkan wò kí wọ́n mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Arduino fèsì pé ohun tí ó wà ní gbangba ṣì wà ní gbangba, pé ètò orí ayélujára àwọn nìkan ni òfin náà bá wí. Ní tèmi, n kò dá àwọn tí ẹ̀rù ń bà lẹ́bi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ní Kétu ńkọ́? Mo bi àwọn tí ń tún ínfátà àti rédíò ṣe ní Kétu àti Ìkòsí léèrè. Kò sí ẹni tí ó bá mi sọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn. “Èló ni?” ni gbogbo wọn kọ́kọ́ bèèrè. Dọ́là 44 ni wọ́n dá lé Uno Q nígbà tí ó jáde. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà ní oṣù náà, ó lé ní 60,000 náírà, a kò tíì ka owó ìfiránṣẹ́ àti ti oníbodè mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni 70,000 náírà ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2024 sọ pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín sí. Ọ̀gá kan tí ń tún ínfátà ṣe rẹ́rìn-ín títí, ó ní, “Àbúrò, bí mo bá ra ìyẹn, kí ni n ó fún àwọn ọmọ jẹ lóṣù yìí?” Ó wá fa àpótí kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó mú Uno àtijọ́ kan jáde, èyí tí àwọn ará Ṣáínà ṣe àdàrọ rẹ̀, tí ó rà ní Computer Village ní Ìkẹjà. Òun ni ó fi ń ṣọ́ bátìrì àwọn oníbàárà rẹ̀ kí ó má baà gbẹ tán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọ̀gá náà rò pé ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn kò kan òun, àmọ́ inú ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ yẹn gan-an ni pánẹ́ẹ̀lì ọwọ́ rẹ̀ gbà wọlé. Bí wọ́n bá ti tì í láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní sí àdàrọ tí apá rẹ̀ ká.

Ó tún kù. Ọ̀gá yìí ní ọmọ iṣẹ́ kan tí kò kàwé kọjá JSS 3. Bí ínfátà bá kú, ọmọ náà yóò fi ìka tẹ pánẹ́ẹ̀lì káàkiri, yóò fi imú gbóòórùn rẹ̀, yóò sì sọ ibi tí ó ti jó kí ọ̀gá rẹ̀ tó gbé mítà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ṣí ìwé tí ó ṣàlàyé bí a ti ń kọ àṣẹ sí pánẹ́ẹ̀lì, ó di odi. “Bọ̀dá, kí ni wọ́n wí níbí?” ni ó ń bi mí láti òkè dé ilẹ̀ ojú ìwé. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò gbọ́n. Èdè tí a fi gbé ọgbọ́n náà kalẹ̀ ni kò gbọ́.

Ẹ wo ohun tí èyí lè fà. Ní oṣù August 2024, Raspberry Pi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Pico 2 jáde ní dọ́là 5 péré, inú àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ yìí sì dùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ó ní àléébù kan: bí a bá ní kí ọpọlọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ fa ẹsẹ̀ kan wálẹ̀ sí òdo, iná lè há sí ẹsẹ̀ náà láàárín méjì, kò ní wálẹ̀ tán. Wọ́n pariwo, ilé-iṣẹ́ náà gbà pé òótọ́ ni, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì fi ọpọlọ tí a tún ṣe rọ́pò rẹ̀ ní 2025. Ìwòsàn rẹ̀ kò tilẹ̀ le: rẹ̀sítọ̀ kékeré kan tí owó rẹ̀ kò tó ti gúgúrú ni a ó fi kún un láti ìta. Ṣùgbọ́n ariwo náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìdáhùn rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Oògùn rẹ̀ pẹ̀lú, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ Kétu tí ó bá ra ti ìṣáájú yóò rò pé òun ni òun kò mọ iṣẹ́, yóò sì sọ ọ́ nù.

Àwọn kan yóò ní, “Ẹ túmọ̀ ìwé náà, kí ó tán.” Kò yá bẹ́ẹ̀. Ìwé àlàyé Arduino wà lábẹ́ àṣẹ tí ó gba ẹnikẹ́ni láàyè láti tún un kọ tàbí túmọ̀ rẹ̀, bí ó bá ti dárúkọ ẹni tí ó ni í, tí ó sì fi tirẹ̀ náà sílẹ̀ ní gbangba. Ìwé ńlá ti Pico wà lábẹ́ àṣẹ mìíràn: o lè pín in bí ó ti rí, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ pín èyí tí o bá yí padà. Ìtumọ̀ sí Yorùbá, ìyípadà ni. Ẹ ò rí i pé pánẹ́ẹ̀lì tí owó wa ká, ìwé rẹ̀ ni a ní láti tọrọ àyè kí a tó túmọ̀. Èyí tí a lè túmọ̀ ìwé rẹ̀ láìtọrọ, owó tuntun rẹ̀ ni kò ká. Nítorí náà ni mo ṣe wí pé ìjà ìlẹ̀kùn tí àwọn ará òkè òkun ń jà, ìjà tiwa ni pẹ̀lú. Bí Qualcomm bá ti ìwé Arduino pa lọ́la, ohun tí yóò kọ́kọ́ kú ni ìwé Yorùbá tí a kò tíì kọ.

Ẹni tí ó bá sì ní kò kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè, kí ó lọ wo ibi tí Arduino ti wá. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní ìlú Ivrea ní ilẹ̀ Ítálì ni Massimo Banzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ rárá, tí ó kàn fẹ́ kí ohun tí wọ́n yà máa gbéra tàbí kí ó máa tàn. Ilé ọtí tí wọ́n ti ń pàdé ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ilé ọtí náà sì ń jẹ́ orúkọ ọba wọn kan tí ó jẹ ní 1002. Àwọn ará Ítálì kò tijú láti fi orúkọ ọba wọn sórí ẹ̀rọ. Àwa tí ọba pọ̀ nílẹ̀ wa ni a ń tijú láti fi èdè wa ka á.

Kò sì yẹ kí ìtìjú náà wà, nítorí àwọn àgbà wa ti la ọ̀nà. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bamgboṣe ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, òun náà ni a ṣì ń lò ní kíláàsì wa. Ohun tí ó wù mí nínú ìwé náà ni pé wọn kò ya “fóníìmù” nípa, wọn kò sì torí rẹ̀ pa “ọ̀rọ̀-orúkọ” tì. Ohun tí ẹnu gbà ni wọ́n mú.

Ibí ni mo ti fẹ́ bá àwa fúnra wa wí díẹ̀. Bí a bá ti gbọ́ ẹ̀rọ, ohun tí ó máa ń yá wa lára ni kí a jókòó sí ọ́fíìsì kí a ṣẹ̀dá orúkọ gígùn tí ènìyàn yóò mí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pè é tán. Àwọn ará Kétu ti ń sọ tiwọn. “Pánẹ́ẹ̀lì” ni wọ́n ń pè é, òun ni mo sì ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Irin tínńtín tí ó yọ lára ọpọlọ, “ẹsẹ̀” ni. Ohun tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀, “lẹ́ẹ̀dì” ni. Bí ẹsẹ̀ méjì bá kanra wọn, “ó ti bríìjì.” Kí ni ó kù tí a fẹ́ ṣẹ̀dá? Èyí tí wọn kò ní nìkan. Rẹ̀sítọ̀ tí ń fa ẹsẹ̀ wálẹ̀ sí òdo, mo pè é ní ìfàwálẹ̀. Èyí tí ń fà á lọ sókè, ìfàsókè. Ọmọ iṣẹ́ ọjọ́sí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò bi mí léèrè mọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ ti gbìyànjú jù bẹ́ẹ̀ lọ: Yorlang, tí Anuoluwapo Karounwi dá sílẹ̀, jẹ́ èdè ìkọ̀ṣẹ kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá.

Ìjọba kò ní ṣe é fún wa. Ní oṣù November 2022 ni wọ́n fi ọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù November 2025 ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni láti ilé jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ọdún mẹ́ta! Iṣu kò jinná nínú ìkòkò, wọ́n ti ní kò dùn.

Kí a má baà rò pé eré ọmọdé ni mo ń sọ, ẹ rántí ọdún 2010. Nígbà tí omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán gba Odò Ògùn wá, ó wọ Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ó wọ Agiliti àti àyíká Mile 12, ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde kúrò nílé. Pánẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú kan, pẹ̀lú ojú tí ń fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọn bí omi ṣe jìnnà tó, àti bátìrì, lè máa ṣọ́ odò náà tọ̀sán tòru láti orí òpó. Iṣẹ́ tí àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ yìí ń ṣe fún ìgbádùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí omi bá dé àmì, kí ni pánẹ́ẹ̀lì yóò sọ? Ìyá tí ń ta ata ní Mile 12 kò ní dúró ka Gẹ̀ẹ́sì. “Omi ń bọ̀, ẹ kó ẹrù sókè” ni yóò gbọ́. (Kí ó sì sọ ọ́ ní Hausa pẹ̀lú, nítorí àwọn alátòmátì àti alálùbọ́sà tí ó ti òkè Ọya wá kò kéré lọ́jà náà.)

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa ni pé, nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tí ń bọ̀, kí mẹ́ta nínú wa àti méjì láti ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ jókòó ní Kétu pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀, kí a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, kí a sì túmọ̀ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ Arduino, èyí tí ń kọ́ni bí iná kékeré yóò ṣe máa tàn tí yóò sì máa kú. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ni ó dá mi dúró, apá ibi tí pánẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní àṣetúnṣe láìdúró. Mo kọ “àyípo” sí i. Ọmọ iṣẹ́ Ìkòsí ní kò dára, ó ní “padà síbẹ̀rẹ̀” ni kí n kọ. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn ju méjèèjì lọ, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ fún mi ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́.