Ṣé àlejò ló ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀yin ará wa ní Warri! Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá, a ò sì ní gbé e mì.

Gbogbo ìgbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá dé, ohun tí à ń sọ fún ara wa ò ju "Kò kàn wá, àlejò ni wá" lọ. Káàdì ìdìbò ẹlòmíì nínú wa wà ní Ọ̀fà, ti ẹlòmíì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti àwọn kan wà nísàlẹ̀ àpótí. Ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bá wọ ọjà Igbudu láàárọ̀, ṣé wọ́n máa ń bèèrè ẹni tó jẹ́ àlejò? Tí gọ́tà bá kún, ṣé ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀ nìkan ni omi ń wọ̀?

Ẹ jẹ́ ká rántí Èkó. Ìbò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ìbò ìgbìmọ̀ ìlú Èkó ni, ní 1920. Nígbà tó di 1923, Èkó yan aṣojú mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, Kàlàbá yan ẹyọ kan. Warri wa yìí ò tiẹ̀ ní ìbò kankan nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ NNDP ti Herbert Macaulay, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n dá a sílẹ̀, ló kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta l'Ékòó. Ta ni wọ́n yàn? Eric Moore, Egerton Shyngle tí wọ́n bí ní Gáḿbíà, àti Dókítà Adeniyi-Jones tí wọ́n bí ní Freetown. Kàlàbá ńkọ́? Ata-Amonu, lọ́yà ará Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí! Àlejò paraku.

Òfin ìgbà náà burú o, ẹ má jẹ́ ká tàn ara wa. Ọkùnrin tó ti gbé ìlú fún oṣù méjìlá, tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó £100, òun nìkan ló lè dìbò. Tálákà ò sí níbẹ̀, obìnrin ò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà Èkó tí wọn ò ní ìbò ò fi Macaulay sílẹ̀. Àwa tí a wá ní ìbò, inú àpótí la fi sí!

Òfin ìdìbò sọ ọ́ kedere: ibi tó o ń gbé, tàbí ibi tó o ti ń ṣiṣẹ́, o lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ta ló wá lé wa?

A mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn àgbà wa. Àwa tí a wà níbí ní 1997 mọ ohun tí ojú wa rí nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ibi tí wọ́n máa fi ṣe olú ìjọba ìbílẹ̀. A ò sọ pé ká gbè sẹ́yìn Itsekiri, Urhobo tàbí Ijaw. Ìjà ilẹ̀ kì í ṣe tiwa. Gọ́tà ni tiwa, tíkẹ́ẹ̀tì ni tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀, kó wá bá wa sọ ọ́ lọ́jà. Kò sì ní wá láé tó bá mọ̀ pé Ọ̀fà ni ìbò wa wà.

Tí INEC bá ti ṣí ìforúkọsílẹ̀, ẹ gbé káàdì yín wá síbí jàre. Ẹ̀yin ìyá eléèlùbọ́, ẹ̀yin gan-an la ń bá wí jù, torí ẹ pọ̀ jù wá lọ lọ́jà.