Ẹ jẹ́ ká máa sọ ohun rere fún ara wa

Ẹ̀yin ará wa ní Sábón Gàrí àti gbogbo Kánò, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká jọ sọ.

Tí ẹnì kan bá kú láàrin wa, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo wa á ti gbọ́. Tí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, a máa dáwó. Èyí dára. Ṣùgbọ́n tí ọmọ wa bá yege WAEC, tí ọjà bá tà dáadáa, tí ara ìyá wa nílé bá yá, ńṣe la máa dákẹ́. A ní kí ayé má bàá gbọ́. Mítìn wa wá di ibi tá a ti ń gbọ́ kìkì ìròyìn ibi, àwọn ọ̀dọ́ ò sì fẹ́ wá mọ́.

Ẹbí ò pọ̀ nítòsí wa níbí. Ẹni tá a jọ ń ṣòwò ni ẹbí. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí owó wọ́n bí ojú. Oníbàárà dé, kò sówó lọ́wọ́, tíránsífà ò wọlé. Ta ló fún wa lóúnjẹ láwìn? Ṣebí àwọn tá a ti jọ jẹun ìkómọ, tá a ti jọ wọ aṣọ ẹbí ni. Ayọ̀ tá a jọ yọ̀ ló sọ wá di ojúlùmọ̀. Nígbà tí ọkàn sì fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì, ìrántí ọjọ́ tá a rẹ́rìn-ín ló ń sọ fún wa pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tún ń bọ̀.

A mọ̀ pé ẹ̀rù ojú ayé kì í ṣe àwàdà. Kò yẹ ká máa ka owó wa sétí gbogbo èèyàn. Ẹni tí sọ́ọ̀bù rẹ̀ jó lè wà láàrin wa, kò yẹ ká fi ayọ̀ tiwa dá kún ìbànújẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n fífọ́nnu yàtọ̀ sí pínpín ayọ̀. Afọ́nnu fẹ́ ká máa wo òun. Ẹni tó ń pín ayọ̀ fẹ́ ká bá òun jẹ níbẹ̀. Àkàrà àti ẹ̀kọ tó.

Bí a ṣe ń gbọ́ ọ náà ṣe pàtàkì. Tí ẹnì kan bá ní ọmọ òun wọ yunifásítì, kí ló dé tó jẹ́ "Hẹn, ẹ múra o, owó iléèwé ti wọ́n" la máa kọ́kọ́ sọ? Ẹ jẹ́ ká bi í pé kí lọmọ náà fẹ́ kọ́, kí ló ṣe nígbà tó gbọ́. Ẹni tá a bá bá yọ̀ báyìí, tí wàhálà bá dé lọ́la, ó mọ ẹnu ọ̀nà wa.

Àbá wa rèé: ní mítìn Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ká tó sọ̀rọ̀ owó oṣù àti owó ìsìnkú, kí ẹni mẹ́ta sọ ohun rere kan, kékeré ni o, ńlá ni o. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tó bá rí nǹkan dáadáa, kó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá wò ó.