Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀, Ta Ni Ó Ń Jìyà Rẹ̀?

Orí ilẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ń kọ́lé sí, inú rẹ̀ ni ó ti ń jẹ, inú rẹ̀ náà ni yóò sì padà sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ba ilẹ̀ jẹ́ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó fọwọ́ kàn. Ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí béèrè: ta ni òfin Nàìjíríà sọ pé ó ni ilẹ̀ náà?

Ní oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà gẹ́gẹ́ bí ohun ìfipamọ́, fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí. Ṣùgbọ́n inú òfin kan náà ni ó wà pé gómìnà lè gba ilẹ̀ padà nítorí ìwakùsà tàbí ọ̀pá epo. Irè oko, ilé àti iṣẹ́ tí a ṣe sórí ilẹ̀ ni a ó san owó lé lórí, pẹ̀lú owó ilẹ̀ tí onílẹ̀ san fún ìjọba lọ́dún náà. Ilẹ̀ tí bàbá ńlá fi sílẹ̀ kò ní iye kankan. Bí owó náà bá kéré, òfin ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ mọ́ ẹni tí ó ń ráhùn. Epo tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ sì rèé, ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ín.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí èso irú ètò bẹ́ẹ̀, kí ó wo ilẹ̀ Ògóni ní Ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí wọ́n ti rí epo ní 1958. Ken Saro-Wiwa ké gbàjarè lórí ìbàjẹ́ ilẹ̀ náà; ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, ìjọba ológun yẹgi fún òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Ní 2008, epo tú dà sínú omi Bodo láti inú ọ̀pá Shell. Ìgbà tí àwọn apẹja àti àgbẹ̀ gbé ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù ni ilé iṣẹ́ náà tó gbà, ní 2015, láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn. Ní 2011, àjọ àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé ní Nisisioken Ogale, oró benzene tí ó wà nínú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fi lélẹ̀ lọ ní ìlọ́po 900. Wọ́n ní àtúnṣe ilẹ̀ Ògóni lè gba ọdún 25 sí 30. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Shell parí títa iṣẹ́ epo rẹ̀ orí ilẹ̀ Nàìjíríà, nígbà tí àtúnṣe Ògóni kò tíì parí.

Ìyọnu kì í dá wá. Gáàsì tí wọ́n ń dáná sun níbi kànga epo ń kún èéfín tí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ti ń tú sófuurufú láti ìgbà pípẹ́, ojú ọjọ́ sì ń yí padà. Ní 2022, omíyalé pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà. Lọ́dún náà gan-an, ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine mú kí àlìkámà àti ajílẹ̀ gbówó lórí. Àgbẹ̀ tí epo ba oko rẹ̀ jẹ́ di ẹni tí ń ra oúnjẹ lọ́jà. Orí ẹni tí kò ní ohùn lórí ilẹ̀ ara rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń wó lé.

Kí Yorùbá má sọ pé ọ̀rọ̀ ará òkèèrè ni. Òfin kan náà ni ó de Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí epo wà, tí òkun sì ń jẹ Ayétòrò lọ. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Òfin ilẹ̀ yìí wà lábẹ́ ààbò ìwé òfin 1999. Láti yí i padà, ó di dandan kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Ábújá fọwọ́ sí i, kí ilé aṣòfin ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣòro, ṣùgbọ́n kò kọjá agbára. Kí ọ̀dọ́ béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò: ṣé yóò jẹ́ kí ilẹ̀ ní iye, kí ilé ẹjọ́ ṣí sílẹ̀, kí ẹni tí ó bà á jẹ́ tún un ṣe kí ó tó lọ? Àmánà ni ilẹ̀. Ẹni tí a fi àmánà lé lọ́wọ́ yóò jíhìn rẹ̀.