Ẹran Tí A Ò Mọ Ìdí Rẹ̀ Lè Ba Ọjà Wa Jẹ́

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn ní ìsọ̀ ẹran. Oníbàárà á fọwọ́ kan ẹran, á ní, "Ìyá, ṣé wọn ò gún màlúù yìí lábẹ́rẹ́ kó tó sanra báyìí?" Àwọn kan nínú wa á bínú, àwọn mìíràn á búra. Ìbínú ò tà ọjà, ìbúra lórí ohun tí a ò mọ̀ sì léwu. Ẹ wo ohun tó dé bá àwọn tó ń ta ẹran ní Yúróòpù.

Lọ́dọ̀ wọn, màlúù tí wọ́n ń sìn fún wàrà gbọ́dọ̀ bímọ kó tó mú wàrà wá. Bó bá bí akọ, akọ ò ní wàrà, ẹran ni wọ́n á fi ṣe. Kí ó lè tètè tóbi, àwọn kan máa ń fún un ní họ́móònù nígbà kan rí, ìyẹn èròjà tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, tó ń pàṣẹ fún ara pé kó dàgbà. Ọ̀kan nínú wọn ni DES. Àwọn dókítà ti fún aláboyún ní DES rí kí oyún má baà wálẹ̀. Ní 1971 ni àṣírí tú ní Amẹ́ríkà pé ó fa jẹjẹrẹ ojú ara fún àwọn kan nínú ọmọbìnrin tí wọ́n bí.

Ní 1980, wọ́n bá DES nínú oúnjẹ ọmọdé tí wọ́n fi ẹran ọmọ màlúù ṣe ní Ítálì. Ariwo ta. Àwọn ẹgbẹ́ oníbàárà ní kí ẹnikẹ́ni má ra ẹran ọmọ màlúù mọ́, ọjà bá dà rú. Ẹni tó lo oògùn àti ẹni tí ò lò ó, wọ́n jọ jẹ gbèsè ni, torí ẹni tí ò lò ó kò ní ẹ̀rí tó máa fi hàn. Ní 1981 wọ́n fòfin de DES. Láti 1989, Yúróòpù ò gba ẹran tí wọ́n fi họ́móònù sìn wọlé mọ́.

Amẹ́ríkà ò gbà. Àwọn náà ti lé DES ní 1979, ṣùgbọ́n wọ́n fàyè gba àwọn họ́móònù mìíràn, tí wọ́n ń tẹ̀ sábẹ́ awọ etí màlúù. Wọ́n ní bí a bá lò ó bó ṣe yẹ, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Yúróòpù ní ọ̀kan nínú wọn lè fa jẹjẹrẹ. Ẹjọ́ dé Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, wọ́n dá Yúróòpù lẹ́bi ní 1998, síbẹ̀ Yúróòpù ò ṣílẹ̀kùn. Ní 2009 ni wọ́n ṣàdéhùn pé ẹran Amẹ́ríkà tí kò ní họ́móònù àfikún lè wọlé níwọ̀n. Ẹni tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ló rí ọjà tà.

Kí ni ti wa níbẹ̀? Àkọ́kọ́, kò sí màlúù tí kò ní họ́móònù lára. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ojú lásán ò lè mọ èyí tí wọ́n fi kún un. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ba ẹran ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́ torí pé ó sanra.

Èkejì, ẹ bi ẹni tó tà á fún yín: níbo ló ti wá? Abẹ́rẹ́ wo ló gbà kẹ́yìn, ọjọ́ wo? Oògùn àìsàn pàápàá ní iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi kúrò lára ẹran kí wọ́n tó pa á. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹran tí dókítà ẹran ò bá lu òǹtẹ̀, ẹ má gbà á.

Ẹ̀kẹta, ìjọba wa ti fòfin de ẹran màlúù dídì láti òkè òkun. Èyí tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ta ló máa bá wa jẹ́rìí sí i?

Ẹ má dúró dìgbà tí ariwo bá ta. Ọjọ́ tí oníbàárà bá sá, kò ní yà wá sọ́tọ̀.

Ọjà á tà o.