Ọrun Tó Rọ̀ Kò Nílò Májèlé, Ẹnu Ọfà Tó Mú Ló Nílò

  

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, arákùnrin kan tó ń dáko lápá Ilé-Ogbó pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Ọ̀gá, àgbọ̀nrín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ewé ẹ̀wà mi tán. Mi ò ní ìbọn, mi ò sì ní ìwé àṣẹ ìbọn. Mo bá ra ọrun kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ó rọ̀, kò le rárá. Irú irin ẹnu ọfà wo ni kí n rà sí i? Ẹnìkan tiẹ̀ sọ fún mi pé tí mo bá ti ki irin náà bọ oògùn kòkòrò, kò sí èyí tí kò ní ṣiṣẹ́.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn yẹn bà mí lẹ́rù. Mo dá a lóhùn, àmọ́ mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rò ó, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí. Èrò tèmi rèé: ẹni tí ọrun rẹ̀ bá rọ̀, kó wá irin tó mú, kó sì sún mọ́ ẹran. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kó fi ẹran sílẹ̀, kó lọ sọgbà. Májèlé kì í ṣe àfikún agbára.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọrun. Agbára tí èèyàn fi ń fa ọsán ni wọ́n fi ń wọn ọrun, pọ́ùn ni wọ́n sì fi ń kà á. Ti arákùnrin yìí jẹ́ pọ́ùn 30, bí ìgbà tí èèyàn ń fa ẹrù kílò 14. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọfà pa àgbọ̀nrín tiwọn, òfin ìpínlẹ̀ kan ní ọrun kò gbọdọ̀ dín ní pọ́ùn 35, ìpínlẹ̀ mìíràn ní 40. Ní Ìlú Ọba ńkọ́? Òfin ọdún 1981 ò tiẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọfà pa ẹranko ìgbẹ́ rárá.

Ọfà kì í ṣe ìbọn. Ọta ìbọn ń fọ́ nǹkan, gígé ni ọfà ń gé. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dà nínú ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn ló ń pa ẹran. Tí ọfà ò bá wọlé jìn, ẹran á gbé e sá lọ, á lọ kú síbi tẹ́ ẹ ò ti ní rí i, ìdin á jẹ ẹ́. Ẹ̀wà lọ, ẹran lọ, ọfà náà lọ.

Irin ẹnu ọfà tí wọ́n ń tà pín sí oríṣi mẹ́ta. Èkíní ni alábẹ méjì tó dúró gbagidi, tí ẹnu rẹ̀ ti ń gé láti ìgbà tó bá ti kan awọ. Èkejì ni alábẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ̀kẹta ni èyí tí abẹ rẹ̀ pa dé, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá kan ẹran ló ń ṣí. Ẹ̀kẹta yìí ló máa ń wu àwọn ọ̀dọ́ jù, nítorí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń tóbi. Àmọ́ ṣíṣí yẹn, agbára ọfà ló ń jẹ. Ọrun tó le lágbára tó lè ná. Èyí tó rọ̀ ò ní. Alábẹ mẹ́ta náà, bí abẹ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni awọ ń dì í mú sí i. Ẹ wò ó: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ki irin bọ inú iṣu, ọ̀bẹ tóóró tó mú lẹ máa mú ni, àbí àdá?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọrun yín rọ̀, alábẹ méjì tó tóóró ni kẹ́ ẹ rà. Kí gígùn rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀, kí ìbú rẹ̀ má sì ju bí ínǹṣì kan lọ. Kí irin náà wọn bíi gíráàmù 8. Ọfà tó fúyẹ́ jù máa ń yára, àmọ́ kì í wọlé jìn: fún ọrun pọ́ùn 40, kí odindi ọfà tó gíráàmù 26. Kẹ́ ẹ sì pọ́n ọn. Irin tí ò bá lè fá irun ọwọ́ yín, kò tíì mú. Ẹ gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ yín tí ọwọ́ yín ò bá mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ta á kọjá mítà 15. Ẹ dúró dìgbà tí ẹran bá fi ẹ̀gbẹ́ hàn yín, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn apá iwájú. Tó bá ti bà á, ẹ má sáré lé e. Ẹ fún un ní ààbọ̀ wákàtí kẹ́ ẹ tó tọ ẹ̀jẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, mo sọ fún un pé pọ́ùn 30 kì í ṣe ti akọ àgbọ̀nrín tó lè ju kílò 40 lọ. Tó bá jẹ́ ẹtu bíi kílò 8 tàbí ọ̀yà ni, ó lè gbìyànjú. Kò dùn mọ́ ọn nínú, torí kì í ṣe ọ̀yà ló ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni májèlé ti ń wọ ọkàn èèyàn.

Ẹnìkan á ní, ṣebí àwọn baba wa náà ń fi oró sẹ́nu ọfà? Bẹ́ẹ̀ ni. Igi Strophanthus wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Oró yẹn, tó bá gba inú ẹ̀jẹ̀ wọlé, ọkàn ẹran ló ń dá dúró, àmọ́ ìfun èèyàn kì í fà á dáadáa. Ìyẹn ni wọ́n fi ń rí ẹran náà jẹ. Wọ́n tún mọ bí wọ́n ṣe ń gé ojú ọgbẹ́ kúrò. Ẹ má tún lọ wá a o. Ẹni tó fi ya ara rẹ̀ lọ́gbẹ́ lè má délé. Oògùn kòkòrò ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tapiàpià ń gba ẹnu, imú àti awọ ara wọlé. Gamalin máa ń sá pamọ́ sínú ọ̀rá ẹran, ọdún 2009 sì ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti fi í sára àwọn májèlé tó yẹ ká pa rẹ́. Sísè lórí iná kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti kúrò.

Ojú mi ló ṣe. Lábúlé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n ju ìfun ẹran kan sí ajá. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ajá ti kú. Ìgbà yẹn lẹni tó mú ẹran wá tó jẹ́wọ́ pé oògùn ni òun fi sí àgbàdo fún un. Ẹran ọ̀hún ti wà lórí iná, àwọn ọmọ ti gbé abọ́ jókòó. Ilẹ̀ la gbẹ́ tá a da ọbẹ̀ náà sí. Ẹni tó fi májèlé pa ẹran tó sì gbé e lọ sọ́jà, ó ta ọfà sókè, ó yí odó borí ni. Kò mọ abọ́ ta ló máa bọ́ sí, ó lè jẹ́ tìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ẹ bá wa dá sí i. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé, “Kí lẹ fi pa á?” Ẹran tí wọ́n yìn níbọn á ní ojú ọta. Èyí tí ọfà bà á ní ojú ọgbẹ́. Èyí tó kó sí takúté á ní àpá lẹ́sẹ̀. Èyí tí kò ní àpá kankan lára, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ńbélé tó.

Arákùnrin yẹn ti gé ọparun, ó ti ń sọgbà, ó sì fẹ́ ta àwọ̀n àtijọ́ sókè ọgbà náà. Mo ní kó tún bá àwọn ọdẹ àdúgbò tó níwèé àṣẹ sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá bá a dẹ oko náà. Ọrun rẹ̀ wà nílé, ó ń fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á. Bí àgbọ̀nrín bá jẹ ẹ̀wà ọdún yìí, a ó gbin òmíràn. Èèyàn tí májèlé bá pa, a ò lè gbìn ín.